Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Ń Bọ́ Ni

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí, bí Kírísítẹ́nì ṣe lè dúró títí dé òpin, kí ó sì jọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní ti inú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, ní Òrégùn, lẹ́bàá Ìkẹjà.

Ẹni tí ó bá mọ Òrégùn yóò mọ ohun tí mo ń wí. Abúlé àwọn Àwórì ni tẹ́lẹ̀, oko ni wọ́n ń ro níbẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní ìwọ̀n ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ àṣẹ Ìbàdàn, ilé ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri agbègbè náà bí olú. Ní 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ìkẹjà sì bọ́ sínú rẹ̀. Lónìí, bí ẹ bá gba ọ̀nà Kudirat Abíọ́lá, èyí tí a ń pè ní Òrégùn Road tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì yà sí Billings Way, ẹ ó rí ògiri gíga ti ilé iṣẹ́ àti ògiri gíga ti ilé ìsìn ní àdúgbò kan náà. Láwọn ibòmíràn ní agbègbè yẹn, ilé gbàgede tí a ti ń kó ọjà pamọ́ sí rí ni a gbá mọ́, tí a kun ní ọ̀dà, tí a sì sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Àìkú, mọ́tò kì í rọ́nà kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mọ́tò kì í tún rọ́nà kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú èrò náà ni ó jẹ́ ẹni kan náà. Ọwọ́ tí ó gbé Bíbélì lánàá ni ó gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán lọ sí ibi iṣẹ́ lónìí.

Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó wà láàárín ilé méjèèjì. Nínú ìrìn kékeré yẹn ni ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bọ́ sọnù, tí wọn kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ̀nà méjì fún yín. Ẹ má wá ìpín yìí nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn o. Ìpín ilé ni, ìpín ẹni tí ń san owó oúnjẹ.

Ẹ̀ṣẹ̀ wà tí ń jẹ owó ẹni. Ọtí àmupara, tẹ́tẹ́, àgbèrè, gbogbo wọn ni ń tú àpò ẹni. Bí ọkùnrin bá jáwọ́ nínú ọtí, inú ìyàwó rẹ̀ yóò dùn, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí owó ilé-ìwé san lásìkò, pásítọ̀ yóò sì pè é jáde pé kí ó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. N kò sọ pé ó rọrùn láti fi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀ mọ bí okùn náà ṣe yi tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè já a, gbogbo ilé ni yóò bá a yọ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni èyí tí ń bọ́ ni. Òun ni ó ń bá ni san owó ilé. Òun ni ó ra ẹ̀rọ amúnáwá tí ń tan iná nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Bí o bá fi òun sílẹ̀, ta ni yóò bá ọ yọ̀? Ìyàwó rẹ yóò bi ọ́ pé kí ló dé tí owó ọbẹ̀ fi dín. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó wà nílé yóò ní Èkó ti yí orí rẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ yóò sì máa fura pé o fẹ́ tú àṣírí àwọn ni. N kò tíì gbọ́ kí a pe ẹnìkan jáde nínú ìjọ kí ó wá sọ pé, “Ẹ bá mi yin Olúwa, owó tí ń wọlé fún mi lóṣooṣù ti dín kù.”

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé kan tí ń tọ́jú ilé ẹrù ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má wá a kiri o, ẹnu ni mo fi dá a. Mọ́tò akẹ́rù wọlé láti wá kó páálí ọjà ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ni ó wà lórí ìwé. Mẹ́ta lé lọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n kó sínú mọ́tò. Akọ̀wé fọwọ́ sí ìwé, aṣọ́nà yẹ ìwé wò, ó yẹ ìdí mọ́tò wò díẹ̀, ó sì ṣí géètì. Níwájú, bóyá ní ọ̀nà Ọjọ́ta, dẹ́rẹ́bà yóò ta páálí mẹ́ta náà, owó rẹ̀ yóò sì pín sí mẹ́ta. Wọn kì í pè é ní olè. Orúkọ tútù ni wọ́n fún un: wọ́n ní owó ẹlẹ́rìndòdò ni.

Ọkùnrin tí mo ń wí yìí, ẹ má rò pé alágàbàgebè ni. Bí ó bá jẹ́ alágàbàgebè ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá rọrùn. Ó ń lọ sí ìṣọ́ òru lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ń san ìdámẹ́wàá, ó sì ń san án láti inú owó páálí pẹ̀lú. Bí ó bá ń gbàdúrà, omijé ojú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ó gba Olúwa gbọ́ ní tòótọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi kàn wá, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gbàgbọ́ tọkàntọkàn kí ó sì máa jẹun nídìí ohun tí Ọlọ́run kórìíra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnìkan fún yín tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ẹni gidi, tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. John Newton ni. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, a bí i ní 1725. Atukọ̀ ni nínú ọkọ̀ àwọn tí ń ra ẹrú ní etí òkun wa níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìyà jẹ òun náà rí ní etí òkun tí a ń pè ní Sàró lónìí, níbi tí ó ti dà bí ẹrú lọ́wọ́ òyìnbó oníṣòwò kan àti obìnrin dúdú tí òyìnbó náà ń fẹ́. Ní 1748, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ìjì líle bá ọkọ̀ tí ó ń gbé e padà sí ilé lójú òkun Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ ya, omi ń wọlé, wọ́n ń fa omi náà jáde tọ̀sán-tòru. Níbẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yìí, tí ó ti máa ń fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀, ti ké pe Ọlọ́run. Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀. Lọ́dọọdún láti ìgbà náà, bí ọjọ́ náà bá yípo, ó máa ń yà á sọ́tọ̀ fún àdúrà àti ìdúpẹ́ títí ó fi di arúgbó.

Ẹ ó rò pé ní ọjọ́ kejì ni ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ó tì o. Lẹ́yìn ìjì náà ni ó tilẹ̀ wá di ọ̀gá ọkọ̀. Láti 1750 sí 1754, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ tí ó wá ra àwọn ènìyàn wa ní Áfíríkà tí ó sì kó wọn lọ tà lókè òkun. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń pe àwọn atukọ̀ rẹ̀ jọ sórí ọkọ̀, a máa ka àdúrà fún wọn. Lábẹ́ pákó tí wọ́n dúró lé lórí, ọkùnrin àti obìnrin dúdú wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ yẹn dáadáa: àdúrà lókè, ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀, pákó kan ṣoṣo láàárín wọn.

Nígbà tí ó sì wá fi òwò náà sílẹ̀ ní 1754, àìsàn ni ó kọ lù ú lójijì tí kò lè lọ sí òkun mọ́. Ó gba iṣẹ́ ìjọba ní èbúté Liverpool. Ní 1764 wọ́n fi joyè àlùfáà, wọ́n sì rán an lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Olney. Ibẹ̀ ni ó ti kọ orin Amazing Grace, fún ìsìn ọdún tuntun 1773. Kò sí ilé ìsìn tí a kò ti lè gbọ́ orin yẹn nílẹ̀ wa, a ń kọ ọ́ níbi ìsìnkú, a ń kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ orin náà, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú ní gbangba. Ó di 1788 kí ó tó tẹ ìwé kékeré kan jáde, tí ó ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú òwò náà fún gbogbo ènìyàn Ìlú Ọba. Ogójì ọdún lẹ́yìn ìjì náà nìyẹn. Nínú ìwé náà ó jẹ́wọ́ pé ìjẹ́wọ́ òun pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ó lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tí ń wádìí ọ̀rọ̀ náà fún àwọn aṣòfin. Ní oṣù Kẹta 1807 ni wọ́n ṣe òfin tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn ará Bìrìtìkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Newton kú, ó ti fọ́jú.

Kí ló mú kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní nígbà tí òun wà nídìí òwò náà, ọkàn òun kò dá òun lẹ́bi rárá. Iṣẹ́ tí àwọn ẹni iyì ń ṣe ni. Òfin gbà á láyè. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ ń jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, ó sì fẹ́ràn aya rẹ̀ púpọ̀, ó ń fẹ́ kí ó rí nǹkan jẹ dáadáa. Ẹ̀rí-ọkàn ènìyàn lè sùn fọnfọn nídìí abọ́ oúnjẹ.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má nàka sí òyìnbó yìí o. Ní 1821, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn òfin yẹn, wọ́n kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Ènìyàn dúdú bíi tirẹ̀ ni ó mú un, ènìyàn dúdú ni ó ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Pọtogí ti rà á. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ẹ mọ ìyókù: òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864.

Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìhìnrere wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Ìjọ dìde, ilé-ìwé dìde, Bíbélì Yorùbá sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onígbàgbọ́ kan wà ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ní ẹrú, tí wọ́n sì ní ìwọ̀fà. Ẹrú ni ń roko, ẹrú ni ń ru epo lọ sí odò fún títà. Wọ́n ti kó òrìṣà dànù. Wọ́n ti fi ọtí sílẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹrú ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọkùnrin tí ó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí ni James Johnson. Sàró ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àwọn ará Èkó fún un ní orúkọ ìnagijẹ, wọ́n ń pè é ní Holy Johnson, nítorí pé kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1877 gẹ́gẹ́ bí alábòójútó àwọn ìjọ C.M.S. ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi yé wọn pé onígbàgbọ́ kò gbọ́dọ̀ ní ẹrú. Ìjọ dàrú. N kò sọ pé ọkùnrin náà mọ bí a ti ń rọra ṣe nǹkan. Ó tún fẹ́ kí wọ́n máa san owó ìjọ sí i ní àsìkò kan náà, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu lójú tèmi. Ẹni tí o ní kí ó tú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, má ṣe bù kún owó ìjọ rẹ̀ lọ́dún kan náà! Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, òótọ́ ni ó sọ. Ní 1880 àwọn C.M.S. mú un kúrò. Johnson kúrò ní Abẹ́òkúta kí ẹrú tó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n dá a padà sí Èkó, sí ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Breadfruit. Nínú ìjọ yẹn ni ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí ó fẹ́ràn Johnson gidigidi. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó lé Johnson kúrò ní ilé àlùfáà ní Breadfruit, Coker wà lára àwọn tí ó ṣíwájú ìjọ kan jáde ní oṣù Kẹwàá 1901, tí wọ́n sì dá Bethel African Church sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti padà sí agbègbè Ìkẹjà, nítorí pé Ìfàkọ̀, lẹ́bàá Agége, ni Coker dá oko kòkó rẹ̀ sí. Àwọn ènìyàn wá láti ìlú òkè láti wá ṣe àgbàṣe fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Owó ni wọ́n ń gbà, wọn kì í ṣe ẹrú. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú oko. Nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sí ìlú wọn, wọ́n ń mú ohun ọ̀gbìn kòkó dání, wọ́n sì ń mú ìgbàgbọ́ dání pẹ̀lú. Kí ilé ẹ̀rọ tó dé, owó iṣẹ́ àti ìgbàgbọ́ ti jọ ń rìn ní agbègbè yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ akọ̀wé wa ní Òrégùn. Báwo ni yóò ṣe fi í sílẹ̀?

Ìtàn kan wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kọkàndínlógún, tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ní ìlú Éfésù, àwọn tí wọ́n ti ń pidán rí kó ìwé idán wọn jọ, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ṣírò iye rẹ̀, ó jẹ́ ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n owó fàdákà, èyíinì ni 50,000. Owó iṣẹ́ òòjọ́ kan ni owó fàdákà kan nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù: bí ẹnìkan bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìsinmi, kí ó tó pa 50,000, yóò lo bí ọdún mẹ́tàdínlógóje! Kí ló dé tí wọn kò tà á? Bí wọ́n bá tà á, wọn ì bá rí owó fún ìjọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí a tà lè tún rà padà. Eérú kò ṣeé rà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí akọ̀wé wa ṣe. Kí ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn bí ó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó ní kí ẹlòmíràn máa bá òun ka páálí, kí ojú méjì wà níbẹ̀. Kí ó nu nọ́mbà dẹ́rẹ́bà yẹn kúrò nínú fóònù rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣọ́ òru tí ó sì fi nọ́mbà rẹ̀ pamọ́, ìsinmi ni ó fún un.

Kí ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kì í ṣe èyí. Wọn yóò dá ìpinnu náà ṣe nínú àdúrà, wọn yóò sì fi ìyà rẹ̀ jẹ ará ilé láìsọ ìdí. Bí owó bá dín, ìjà yóò dé, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìjà yóò sì lé e padà sídìí páálí. Nínú ìtàn Sákéù agbowó orí, Olúwa lọ sí ilé rẹ̀, Ó wọ̀ síbẹ̀. Ará ilé rẹ̀ gbọ́ nígbà tí ó ń sọ pé òun yóò san ohun tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìsanpadà yìí le, mo mọ̀. Akọ̀wé tí ó bá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́, ó sì lè dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Kí ó wá àgbà olóòótọ́ kan tí yóò bá a dá sí i. Ṣùgbọ́n páálí ọ̀la kò nílò ìmọ̀ràn àgbà kankan: kí ó ka ọgọ́rùn-ún, kí ó sì dúró níbẹ̀.

N kò ní ṣèlérí fún yín pé Ọlọ́run yóò dá owó náà padà ní ìlọ́po méjì kí oṣù tó ń bọ̀ tó tán. Àwọn kan ń wàásù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìlọ́po méjì ni ènìyàn fi ń fi olè jíjà sílẹ̀, òwò ni ó ṣì ń ṣe.

Ẹ má sì gbọ́ mi sí òdì pé kí gbogbo ènìyàn kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún ilé iṣẹ́ ìjọba P.W.D. ní 1928 nígbà tí ó gbọ́ ìpè, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti lọ máa wàásù. Ìpè tirẹ̀ nìyẹn. Títẹ ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ó dúró sí ẹnu iṣẹ́ wa, tí a ó máa rí mọ́tò náà lójoojúmọ́, ìyẹn sì le ju kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìṣubú. Bí akọ̀wé wa bá dúró ní ọjọ́ Ajé, tí ó dúró ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, tí ó sì fọwọ́ sí páálí mẹ́ta ní ọjọ́rú ńkọ́? Ohùn kan yóò sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pé, “Ṣé o rí i? O kò lè ṣe é. Bí o ti bà á jẹ́ yìí, kúkú gba ti ọ̀la pẹ̀lú.” Ohùn yẹn ti pa ènìyàn púpọ̀ ju páálí lọ. Ní òru kan náà ni Júdásì àti Pétérù ṣubú. Júdásì lọ so ara rẹ̀ kọ́. Pétérù sunkún, ṣùgbọ́n kò kúrò láàárín àwọn yòókù, nígbà tí Olúwa sì wá wọn lọ sí etí òkun, wọ́n bá Pétérù níbẹ̀. Kí akọ̀wé wa jí ní ọjọ́bọ̀, kí ó wẹ̀, kí ó lọ sí ibi iṣẹ́, kí ó ka ọgọ́rùn-ún. Ohun tí à ń pè ní ìforítì nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín sí i.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, n kò gbàgbé yín. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ń bọ́ yín. Ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdánwò, ìwé pélébé inú ìbọ̀sẹ̀, olùkọ́ tí ó gba owó kí ó lè yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Máàkì ni ó ń fún yín. Bàbá yín yóò yọ̀, wọn yóò pa adìẹ. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba máàkì tí kò tó ti ẹni tí ó jí i wò, kí wọ́n sì bú yín nílé. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fọwọ́ gba máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni yóò fọwọ́ sí ìwé páálí ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ọwọ́ kan náà ni.

Oṣù kìíní ni ó máa ń burú jù. Akọ̀wé wa gba owó oṣù rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé yóò pọ̀ sí i bí ó bá kà á dáadáa. Ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kà á, ó wò ó lójú, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ nìyí?” Ó ní, “Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.” Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. A ó fi ìrẹsì sílẹ̀ lóṣù yìí, a ó máa jẹ ẹ̀wà.” Ó so owó náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó wọlé lọ da ẹ̀wà sínú àwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mọ́tò akẹ́rù wọlé. Akọ̀wé dúró tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé rẹ̀, ó ń ka páálí bí wọ́n ti ń gbé wọn gun orí mọ́tò. Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún, ó gbé ọwọ́ sókè. Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín ìyànu, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ti wá di pásítọ̀ nìyẹn?” Kò dá a lóhùn. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Aṣọ́nà ṣí géètì, kò kí i. Mọ́tò kejì ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà.